Kí ni àwòṣe sẹ́ẹ̀lì ojú mi ṣaláìní tí ìmọ́lẹ̀ kò fi mọ́ ọn lára?

Ọmọ Ìbarà

Mo kí ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Abẹ́òkúta ni mo wà, mo sì ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa ṣe bí sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ojú tí a fi ń ríran nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ìmọ́lẹ̀ ni mo ń fún ètò náà, òun a sì máa ṣírò bí iná mànàmáná tó ń ṣàn wọ inú sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe dínkù tó. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá tàn fìrí tó sì kú, ìdáhùn rẹ̀ dára: á gòkè, á sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ kí ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ìdáhùn náà á gòkè, á sì dúró sókè gbọn-in títí mo fi máa pa ìmọ́lẹ̀. Bí mo bá fi ìmọ́lẹ̀ mìíràn kún un láàárín náà, agbára káká ni sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ̀ pé nǹkan yí padà.

Ojú wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jáde láti inú ihò abẹ́ Òkè Olúmọ bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ á kọ́kọ́ gún òun lójú, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi mọ́ ọn lára, tí yóò sì máa rí páànù orí ilé nísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdọ́gba mẹ́ta ni mo kọ: ọ̀kan fún rhodopsin (púrótéènì tí ń gba ìmọ́lẹ̀) tí ìmọ́lẹ̀ ti ta jí, ọ̀kan fún phosphodiesterase, púrótéènì tí ń jẹ èròjà kékeré tí a ń pè ní cGMP, ọ̀kan fún cGMP fúnra rẹ̀, tó ń ṣí ẹnu ọ̀nà ara awọ sẹ́ẹ̀lì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo fi sílẹ̀?

Olùkọ́ Aṣerò

Àbúrò mi, kàlísíọ̀mù ni. Inú òkùnkùn ni iná ti ń ṣàn wọ sẹ́ẹ̀lì yìí jù, ohun tó sì máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu nìyẹn: cGMP pọ̀ nínú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ṣí, sódíọ̀mù àti kàlísíọ̀mù ń wọlé, fólítéèjì rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí -40 mílífólítì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dé, rhodopsin á ta púrótéènì agbedeméjì kan, transducin, jí, transducin á ta phosphodiesterase jí, cGMP á dínkù, ẹnu ọ̀nà á tì, fólítéèjì á sì máa lọ sí ìhà -70. Ibẹ̀ ni ìdọ́gba rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí sí, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kò parí síbẹ̀. Kàlísíọ̀mù kò rọ́nà wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni púrótéènì tí ń tì í jáde kò dáwọ́ dúró, nítorí náà ìwọ̀n rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì á máa lọ sílẹ̀. Kàlísíọ̀mù yìí kan náà ló sì ń ká guanylate cyclase, tí í ṣe èròjà tí ń ṣe cGMP, lọ́wọ́ kò. Bó bá ti dínkù, ọwọ́ cyclase á tú, cGMP tuntun á pọ̀ sí i, díẹ̀ nínú ẹnu ọ̀nà á sì tún ṣí nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àyè tó ṣí yẹn ni sẹ́ẹ̀lì fi ń dá ìmọ́lẹ̀ kejì lóhùn.

Kọ ìdọ́gba kẹrin. Jẹ́ kí kàlísíọ̀mù máa wọlé ní ìwọ̀n iná tó ń ṣàn, kí ó máa jáde ní ìwọ̀n èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, kí o sì fi 1 + (Ca/K)² pín agbára cyclase tó ga jù; Ca ni ìwọ̀n kàlísíọ̀mù, K sì ni ìwọ̀n rẹ̀ tí ń dín agbára cyclase kù sí ìdajì. Iná náà fúnra rẹ̀, cGMP sí agbára 3 ni kí o fi ṣírò rẹ̀.

Má ṣe pa àwòṣe àkọ́kọ́ rẹ́ o. Ní 1988, àwọn olùwádìí Nakatani àti Yau, àti Matthews pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi sẹ́ẹ̀lì sínú omi tí kò ní jẹ́ kí kàlísíọ̀mù inú rẹ̀ lọ sókè tàbí sílẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dé, ìmọ́lẹ̀ kò sì mọ́ sẹ́ẹ̀lì náà lára mọ́. Irú sẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an ni o kọ. Òun ni kí o máa fi wé tuntun.

Àbẹ̀kẹ́ Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ ìmọ̀, ẹ̀gbọ́n. Fọ́tò àdìrẹ ni èmi ń ṣe ètò fún, kí aró tó wà nínú òjìji àti èyí tó wà nínú oòrùn lè hàn kedere nínú àwòrán kan. Ìdọ́gba Naka àti Rushton ti 1966 ni mo ń lò: mo gbé ìmọ́lẹ̀ sí agbára n, mo sì fi òun fúnra rẹ̀ àti σ sí agbára n, tí mo ti ròpọ̀, pín in. σ ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ń mú ìdáhùn dé ìdajì góńgó rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ àyíká bá pọ̀, mo gbé σ sókè. Ṣé èyí kò tó fún Ọmọ Ìbarà?

Olùkọ́ Aṣerò

Fún fọ́tò, ó tó, ó sì dára. Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn ṣe ga tó ni ìdọ́gba yẹn ń sọ, kò sọ ìgbà tó dé àti ìgbà tó lọ. Ìwọ tí o kọ ètò náà lo sì ń gbé σ sókè. Nínú sẹ́ẹ̀lì alààyè, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, bó sì ṣe ń ṣe é ni àbúrò wa ń wá.

Ọmọ Ìbarà

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti fi kàlísíọ̀mù sí i, ìdáhùn náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà, ó sì ń rí ìmọ́lẹ̀ kejì dáadáa. Àmọ́ kí ó tó fìdí múlẹ̀, ó ń lọ sókè sódò lemọ́lemọ́. Ìwọ̀n ti ọ̀pọ̀lọ́ ni mo lò fún rhodopsin, ti ọ̀bọ sì ni mo lò fún ìyókù.

Olùkọ́ Aṣerò

Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọ́ tí Baylor, Lamb àti Yau wọ̀n ní 1979, ìdáhùn sí photon kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù, kì í dé góńgó kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó kọjá, nítorí pé ara ọ̀pọ̀lọ́ kò gbóná bíi tiwa. Ti ọ̀bọ kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí o bá pa ìwọ̀n ẹranko méjì pọ̀, ìdáhùn tí o rí kì í ṣe ti sẹ́ẹ̀lì kankan. Ẹranko kan ṣoṣo ni kí o mú. Lẹ́yìn náà, gé ìṣísẹ̀ àkókò ètò rẹ sí ìdajì. Bí lílọ sókè sódò náà bá yí padà, ìṣírò ló ń dá a sílẹ̀, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì.

Nọ́ọ̀sì Ojú, Lántòrò

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nítorí àpẹẹrẹ Olúmọ yẹn. Nínú oòrùn ọ̀sán, iná inú sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá ti tì tán pátápátá. Sẹ́ẹ̀lì kóònù, tí a fi ń mọ àwọ̀, ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìwọ̀n tirẹ̀ sì yá ju ti ọ̀pá lọ. Wíwọ inú ihò náà sì tún yàtọ̀ sí jíjáde. Ẹni tí oòrùn ti pa rhodopsin rẹ̀ lè lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá rẹ̀ tó jí tán, torí pé inú awọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń tún retinal, èròjà tí rhodopsin fi ń gba ìmọ́lẹ̀, ṣe, láti ara fítámìnì A. Ìdí nìyí tí ọmọ tí kò rí fítámìnì yìí jẹ tó fi kọ́kọ́ ń ṣòro fún un láti ríran lálẹ́. Kàlísíọ̀mù nìkan kò lè ṣàlàyé ìyẹn nínú àwòṣe yín. Ìdọ́gba tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ìṣẹ́jú ni wọ́n sì fi ń kà á. Fún èyí tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tàbí ti òṣùpá ni kí ẹ fi dán an wò, ẹ fi ti ọ̀sán sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá kọ ti kóònù.