Ṣé kí n fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu Herbert Macaulay nínú eré mi?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ó máa gùn díẹ̀. Mò ń kọ eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún ẹgbẹ́ wa ní Yaba, Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1925, ọdún tí òyìnbó lé Ọba Èṣùgbàyí ti Èkó lọ sí Ọ̀yọ́. Wọ́n pa akọ̀wé kan, wọ́n bá máàpù ilẹ̀ ayédèrú lápò ẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi wá gbé e lọ bá Macaulay, torí sọ̀féyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ ni baba yẹn kó tó di olóṣèlú.

Mo kọ́kọ́ yí orúkọ ẹ̀ padà, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní tí túbọ̀mu yẹn bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ta ni ò ní mọ̀ ọ́n? Mo tún ní kí wọ́n kàn máa gbọ́ fayolíìnì ẹ̀ láti òkè, àwọn ọmọ rìhásà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé iwin ni.

Ìbéèrè mi ni pé: ṣé ó dáa kí n fi ọ̀rọ̀ tí kò sọ rí sí i lẹ́nu, àbí kí àwọn tó kù kàn máa sọ̀rọ̀ ẹ̀? Ẹ ṣeun gan-an ṣáájú o.