Kọ́ọ̀sì ṣáàjì aláìlówáyà fún ọkọ̀ ojú irin: ṣé kí n sanwó?

Déjì, Philadelphia
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo gbé wá. Bọ́ọ̀sì tó ń lo díísù ni mo ń tún ṣe nílùú yìí. Ilé ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń pè mí tàárọ̀ talẹ́ pé kí n wá san owó ńlá, kí àwọn kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ tí ọkọ̀ ojú irin fi ń gba iná láìsí wáyà ṣe. Wọ́n ní ibẹ̀ layé ń lọ, pé bí mo bá ti gba ìwé ẹ̀rí wọn, àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè á máa jà dù mí. Ìyàwó mi ní n kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ títí n ó fi bi yín léèrè. Ṣé nǹkan yìí wà lóòótọ́? Ta ló ti fojú kàn án rí?

Ìyá Ìbejì, Milton Keynes
Bá mi kí ìyàwó rẹ, obìnrin tó mọ nǹkan ni. Ó wà o. Wọ́n gbé e wá sí ìlú wa níbí ní oṣù kìíní ọdún 2014, bọ́ọ̀sì mẹ́jọ lórí ọ̀nà nọ́ńbà 7, láti Wolverton dé Bletchley, nǹkan bíi máìlì 15. Nígbà yẹn, bí dírẹ́bà bá dé ìparí ọ̀nà, á gúnlẹ̀ sórí àwo ńlá kan tí wọ́n rì mọ́ ojú títì. Àwo kejì á wá sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ títí yóò fi ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 kó kan ilẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, á ti gba ìdá méjì nínú mẹ́ta iná tí ọ̀nà yẹn ń jẹ. Èyí tó kù, wọ́n á fi wáyà rọ ọ́ sínú rẹ̀ lóru ní gáréèjì. Àwa èrò ò mọ̀ pé nǹkan kan ń lọ, ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ọmọ là ń sọ.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ni mo sọ yẹn o, Déjì. Ọkọ̀ ojú irin kọ́.

Ẹ̀gbọ́n Túndé, Indianapolis
Ìyá Ìbejì ti fọwọ́ kan ojú egbò gan-an. Déjì, fara balẹ̀, n ó pẹ́ díẹ̀.

Kì í ṣe idán. O mọ tiransifọ́mà NEPA tó wà lórí òpó ládùúgbò yín nílé? Kọ́ìlì méjì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká jọ, ló wà nínú rẹ̀, wọn kì í kan ara wọn, síbẹ̀ agbára mágínẹ́ẹ̀tì ń gbé iná láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ká ní wọ́n là á sí méjì, wọ́n sin ìdajì kan sábẹ́ títì, wọ́n so ìdajì kejì mọ́ abẹ́ bọ́ọ̀sì. Òun náà nìyẹn. Àmọ́ àlàfo ti wọ àárín wọn, torí náà iná lásán tó ń yí ní ìgbà 50 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní ràn án. Wọ́n ní láti mú kó máa yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Irú èyí tí iléeṣẹ́ Bombardier ṣe ní Jámánì àti èyí tí àwọn ará Kòríà ṣe fún bọ́ọ̀sì, ìgbà 20,000 ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àpótí ńlá tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ló máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí iná bá ti dé abẹ́ ọkọ̀, ẹ̀rọ mìíràn á sọ ọ́ di DC, irú iná tí bátìrì ń gbà, fún bátìrì. Díẹ̀ máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà, kò sí àní-àní.

Níbí, ọ̀nà bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Red Line bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2019 pẹ̀lú bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ BYD tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 60. Máìlì 275 ni wọ́n ṣèlérí pé yóò máa rìn lórí ṣáàjì kan. Kò dé ibẹ̀, pàápàá nígbà òtútù, torí ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná náà ń jẹ nínú bátìrì. Àwo abẹ́ títì ni wọ́n fi yanjú rẹ̀, 300 kilowatt, Momentum Dynamics ló ṣe é (InductEV lorúkọ wọn báyìí), BYD ló sì gbà láti gbé ìnáwó rẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí nǹkan yìí wúlò sí nìyẹn: ọ̀nà tí bátìrì nìkan ò lè gbé ọkọ̀ dé alẹ́, tí dírẹ́bà sì ń sinmi díẹ̀ ní ìparí rẹ̀ tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ó wá kan iṣẹ́. Ẹni tó ri àwo mọ́lẹ̀ ló mọ inú rẹ̀, tiwa ni ohun tó wà lábẹ́ bọ́ọ̀sì. Ohun tó wà níbẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ẹni tó mọ bọ́ọ̀sì oníná èyíkéyìí: wáyà aláwọ̀ ọsàn tó ń gbé iná ńlá, omi tó ń tu ẹ̀rọ lára, bátìrì tí fóòtéèjì rẹ̀ lè pa èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń pa iná yẹn, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi àgádágodo tì í, tó ń fi mítà wò ó pé ó ti kú kó tó fọwọ́ kàn án, kò ní wáṣẹ́ tì, bí kò bá tiẹ̀ rí kọ́ìlì rí láyé. ASE xEV Level 1, ìwé ẹ̀rí ààbò fún àwọn tó ń tún ọkọ̀ oníná ṣe, ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí, kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́ Level 2. Ìdánwò H ti ASE wà fún bọ́ọ̀sì ní tirẹ̀. Kí o mọ NFPA 70E náà, ìlànà ààbò fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ iná. Kí o tó yọ dọ́là kan, bá yúníọ̀nù yín sọ̀rọ̀, yálà TWU ni tàbí ATU. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni agbanisíṣẹ́ ń san irú owó yìí.

Bàbá Ṣọlá, Braunschweig
Túndé ti sọ ti bọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú irin, torí òun ni wọ́n fẹ́ fi gbowó lọ́wọ́ ọmọ yìí.

Ní 2010, ní Augsburg, Bombardier ri kọ́ìlì sáàárín irin méjèèjì fún mítà 800 lójú ọ̀nà tó lọ sí gbọ̀ngàn ìpàtẹ ọjà. PRIMOVE ni wọ́n pè é. Tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, ń gba iná bó ṣe ń rìn, kò fara kan ohunkóhun, kọ́ìlì tí tíráàmù ò bá sì bò mọ́lẹ̀ kò ní iná nínú, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ó ṣiṣẹ́ o! Ní 2013, yunifásítì KAIST àti ilé ìwádìí rélùwéè ti Kòríà fi tiwọn hàn, 180 kilowatt. Òun náà ṣiṣẹ́. Ìdánwò ni méjèèjì.

Kí ló dé tí kò tàn ká? Ẹ ronú sí i. Ọkọ̀ ojú irin kì í yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó rọrùn tó kí èèyàn na wáyà kan sókè orí rẹ̀. Kí wọ́n tó wú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà láti to kọ́ìlì sí i, owó á ti ru gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Lákòókò yẹn kan náà, bátìrì ń dín owó, ó sì ń lágbára sí i. Àwọn Bombardier fúnra wọn gbé PRIMOVE lọ sórí bọ́ọ̀sì. Ó dé ọ̀dọ̀ wa níbí ní 2014, 200 kilowatt, lórí ọ̀nà bọ́ọ̀sì M19. Ó dé ọ̀nà 204 ní Berlin ní 2015. Alstom ló sì ra apá rélùwéè Bombardier ní 2021.

Déjì, bi àwọn olùkọ́ rẹ pé kí wọ́n dárúkọ ọ̀nà ojú irin kan ṣoṣo tó ń fi kọ́ìlì gbé èrò lójoojúmọ́. Ẹyọ kan péré.

Àǹtí Bísí, Birmingham
Ohun tó ń da àwọn èèyàn rú nìyí. Níbí, láti oṣù kejìlá 2019, tíráàmù wa ń kọjá láàárín ìlú lọ sí Centenary Square láìsí wáyà kankan lókè. Gbogbo àlejò ló ń sọ fún mi pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń gba iná. Irọ́ ni! Bátìrì ló wà lórí òrùlé rẹ̀. Bó bá padà dé abẹ́ wáyà, á na ọwọ́ sókè, á máa gba ṣáàjì lọ. Ibi tí wọn ò fẹ́ kí wáyà ba ẹwà ìlú jẹ́ nìkan ni wọ́n ti yọ ọ́.

Kúnlé, Rio de Janeiro
Ẹ ṣé, Àǹtí. Bẹ́ẹ̀ náà ni VLT, tíráàmù wa níbí, láti 2016. Ó ń kọjá ní agbègbè èbúté, kò jìnnà sí Valongo níbi tí wọ́n ti ń já àwọn èèyàn wa sílẹ̀ láyé ẹrú. Kò sí wáyà lókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin kẹta wà nílẹ̀ láàárín irin méjèèjì, bàtà irin abẹ́ tíráàmù ń gba iná lára rẹ̀. Kìkì ibi tí tíráàmù bá bò ló máa ń ní iná. Alstom ló ṣe é, Bordeaux ló kọ́kọ́ lò ó ní 2003. Irin ń kan irin ni o, kò sí kọ́ìlì.

Rónkẹ́, London
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ti dán irú àwo yìí wò rí lórí ọ̀nà 69 lọ́dọ̀ wa, Canning Town sí Walthamstow. Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn, pacemaker, ẹ̀rọ tó ń mú kí ọkàn lù dáadáa, wà láyà wọn. Ṣé wọ́n lè wọ bọ́ọ̀sì tó bá ń gba ṣáàjì báyìí?

Nọ́ọ̀sì Adé, Leeds
Ẹ kú ìmúra àlejò. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì yẹn, àárín àwo méjèèjì ló pọ̀ sí, ó sì ń dín kù kíákíá bí èèyàn bá ti jìnnà sí i. Àwo náà kì í tàn bí bọ́ọ̀sì kò bá gúnlẹ̀ sórí rẹ̀ dáadáa. Òdiwọ̀n sì wà tí inú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Síbẹ̀, pacemaker yàtọ̀ síra. Kí Mama mú káàdì ẹ̀rọ wọn dání, kí ẹ pe ilé ìwòsàn tó fi í sí wọn láyà, kí ẹ bi wọ́n nípa irú èyí gan-an. Kí wọ́n má sì dúró tira bọ́ọ̀sì níta tàbí bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ mú nǹkan nígbà tó bá ń gba ṣáàjì lọ́wọ́.

Rónkẹ́, London
Ẹ ṣeun gan-an, mà. N ó pe ilé ìwòsàn lọ́la.

Dírẹ́bà Lancaster, California
Ẹ má gbàgbé àwa tí à ń wà á! Gbogbo bọ́ọ̀sì AVTA, iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì agbègbè wa, ti di oníná láti oṣù kẹta 2022, àwo ṣáàjì 250 kilowatt tí iléeṣẹ́ WAVE ṣe sì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, má wo ilẹ̀, wo àmì tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ àti ojú ẹ̀rọ iwájú rẹ. Bí ọkọ̀ kò bá gba ṣáàjì, má máa fi rìfáàsì wá a kiri, yípo jáde kí o tún wọlé tààrà. Bí o bá rí agolo tàbí irin lórí àwo, pe kọ́ńtíróò, torí irin ń gbóná níbẹ̀.

Déjì, mo tún fẹ́ kí o mọ èyí: Ideanomics tó ra WAVE ní 2021 wọ ilé ẹjọ́ ní oṣù kejìlá 2024 pé àwọn ò lè san gbèsè. Bí o bá lọ fi gbogbo owó rẹ kọ́ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, tí iléeṣẹ́ náà wá dẹnu kọlẹ̀ ńkọ́?

Fẹ́mi, Surulere
Ẹ̀yin ará òkè òkun, ṣé èyí lè dé Èkó? Ọkọ̀ ojú irin Blue Line wa ń gba iná lára irin kẹta láti Mile 2 dé Marina, Red Line ń mu díísù.

Ẹ̀gbọ́n Túndé, Indianapolis
Fẹ́mi, irin kẹta dára fún yín, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ti BRT ni n ó rò. Ṣùgbọ́n àwo kan ṣoṣo tó ń fa 300 kilowatt, tí NEPA bá wá ṣe bó ṣe máa ń ṣe, jẹnẹrétọ̀ díísù lẹ ó gbé ti bọ́ọ̀sì oníná. Kí wọ́n máa fi wáyà rọ ṣáàjì sí i lóru ní gáréèjì ná.

Déjì, Philadelphia
Mo ti bi wọ́n bí Bàbá Ṣọlá ṣe ní kí n bi wọ́n. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Fọ́tò kan ni wọ́n fi ránṣẹ́: tíráàmù Bordeaux! Mo ti dí wọn lọ́nà lórí fóònù mi. Mo sì ti kọ̀wé sí yúníọ̀nù nípa xEV. Ẹ̀gbọ́n Túndé, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn ńkọ́, èmi ni n ó rà á?

Ẹ̀gbọ́n Túndé, Indianapolis
Rárá o, agbanisíṣẹ́ ló ń fún ọ. Kí o rí i pé Class 0 ni, ìyẹn ń gba 1,000 fólítì, kí o sì wo ọjọ́ tí wọ́n dán an wò kẹ́yìn lára rẹ̀, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni. Ká ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ há sínú, kí o fún un wò bóyá ó ń jò, kí o tó wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ìbọ̀wọ́ aláwọ ló ń bò ó lókè. Bí wọ́n bá fún ọ ní rọ́bà láìsí aláwọ, má gbà á.