Àbọ̀ ọ̀rọ̀ òòyì ìyá mi

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Mo bèèrè lọ́jọ́sí ìdí tí òòyì fi ń kọ́ ìyá mi láàárọ̀, tí òógùn tútù ń bò wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà wọn déédéé. Àṣírí tú o! Omi ewúro ni. Ife ńlá kan kí wọ́n tó jẹun, òun ni wọ́n fi ń gbé glibenclamide, oògùn ìtọ̀ ṣúgà wọn, mì. Méjèèjì ló lè fa ṣúgà wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì gún wọn níka láti wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn: 54 mg/dL. Tí kò bá ti tó 70, ó ti kéré jù. Dókítà ò bínú (èmi ni mo bínú), ó ní kí wọ́n fi ewúro mọ sí ọbẹ̀. Màmá ní, “Ṣebí ẹ ò bi mí.” Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Lánàá, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọjà Jagun, níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́.