Irú pọ́ǹpù alágbèéká wo ni kí n rà fún táyà ọkọ̀ mi?

Bàbá Ìbídùn (Kubwa):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Corolla ni mo ń wà láti Kubwa lọ sí ibi iṣẹ́ mi láàárín ìlú Abuja, òun náà ni mo sì máa ń gbé gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja lọ sílé ní Kàbà nígbà ọdún. Ọ̀kan nínú àwọn táyà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀: bí mo bá fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ajé, kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, ojú lásán ti lè rí i pé ó ti wọlẹ̀. Fọkanáísà tó wà nítòsí wa kì í tètè ṣí, géèjì ọwọ́ rẹ̀ sì ti gbó débi pé n kò gba ohun tó ń sọ gbọ́ mọ́.

Mo wá ń wá pọ́ǹpù kékeré tí mo lè máa gbé sínú búùtù. Oríṣi méjì ni wọ́n fi hàn mí ní ọjà Wuse. Ọ̀kan ní wáyà tí a ń kì bọ ihò ìtanná sìgá inú ọkọ̀, èkejì sì ní bátìrì nínú ara rẹ̀, a ó máa ṣáàjì rẹ̀ bíi fóònù. Wọ́n kọ 150 psi (òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń le tó) sára páálí àwọn méjèèjì, ẹni tó ń tà á sì ní èyí tí psi rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó lágbára jù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Èwo ni kí n mú, kí ló sì yẹ kí a ṣọ́ra fún nígbà tí a bá ń lò ó, nítorí ìyàwó mi náà ń wa ọkọ̀ yìí?

Ríwáyà Zuba:
Bàbá Ìbídùn, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má fi 150 psi tó wà lára páálí yẹn ṣe òṣùwọ̀n rárá. Táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà gbà ju 30 sí 35 psi lọ, kò sì sí pọ́ǹpù ọkọ̀ kan tó yẹ ní títà tí kò ní lè dé ibẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni iye afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan, lítà ni wọ́n sì fi máa ń kọ ọ́. Ikùn táyà tó bá Corolla mu gba nǹkan bíi lítà 30 sí 35. Kí ó tó ti òfìfo dé 32 psi, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ fún nǹkan bíi lítà 70 afẹ́fẹ́ ìta mọ́ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí táyà ṣe ń le sí i ni iṣẹ́ pọ́ǹpù ń falẹ̀ sí i. Èyí tí wọ́n kọ lítà 35 sí lára yóò parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó jẹ́ lítà 10 tàbí 12 yóò jókòó tì yín pẹ́, ìdí ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbà jáde yóò sì ti gbóná débi tí ẹ kò ní lè fọwọ́ kàn án nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ iná ni iṣẹ́ tèmi gan-an. Ihò ìtanná sìgá yẹn ní fíúsì tirẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ amp 10, 15 tàbí 20. Volt 12 ni bátìrì ọkọ̀, nítorí náà pọ́ǹpù tó bá ń fa amp 10 ń jẹ wátì 120, fíúsì amp 15 yóò sì gbé e láìsí ìjàngbọ̀n. Àwọn ńlá tó ní sílíńdà méjì máa ń fa ju amp 20 lọ, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń fi irin méjì, pupa àti dúdú, sí ẹnu wáyà wọn, kí wọ́n lè di orí bátìrì mú tààrà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò gé irin wọ̀nyẹn kúrò, kí òun lè fi ẹnu ìtanná sìgá rọ́pò wọn fún yín, ẹ má gbà fún un. Fíúsì ni yóò kọ́kọ́ jó, bí wọ́n bá sì fi èyí tó tóbi jù pààrọ̀ rẹ̀, wáyà inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni yóò jó tẹ̀ lé e. Mo ti tú irú rẹ̀ rí: rọ́bà ara wáyà mẹ́rin ti yọ́ lẹ̀ mọ́ra di ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó ń lọ sí rédíò sì wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ń lo oníwáyà, kí bátìrì má baà kú mọ́ yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní gbangba ni kí ó ti jẹ́, nítorí èéfín ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì tí a tì ń pani. Ẹ wo ìwé rẹ̀ fún iye ìṣẹ́jú tó lè fi ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà ju 10 sí 15 lọ, lẹ́yìn èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó tutù.

Ìyá Tóbi (Kaduna):
Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin Ríwáyà. Oníbátìrì ni èmi ń lò, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún wíwà nínú ìlú, nítorí kò sí wáyà tí a ó máa fà yí ọkọ̀ po. N ó tẹ 32 sí ojú rẹ̀, n ó yí ẹnu ọ̀pá rẹ̀ mọ́ fáàfù, tó bá dé ibẹ̀, yóò dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn Òkè Ọya yìí ni ọ̀tá rẹ̀. Bátìrì lithium kò fẹ́ ooru, bẹ́ẹ̀ sì ni inú ọkọ̀ tí a gbé sójú oòrùn ní oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Igbe máa ń gbóná ju ìta lọ fíìfíì. Èmi máa ń gbé tèmi wọlé ni. Ẹni tí yóò máa fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láti ìgbà dé ìgbà, tí yóò sì gbára lé e ní ọ̀nà Abaji lóru, oníwáyà ni kí ó mú, nítorí ìgbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá ti ṣiṣẹ́ ni òun náà yóò ṣiṣẹ́.

Iye tí ẹ ó fẹ́ ẹ dé kò sí lára táyà o. Èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀, bíi 44 tàbí 51 psi, ni òpin ohun tí táyà lè gbà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn ń padé mọ́. Ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ nǹkan bíi 220 kPa, tí í ṣe 32 psi, sí, ti iwájú lọ́tọ̀, ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Bí àwọn tó kun ọkọ̀ bá ti fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ẹ wò ó nínú ìwé ọkọ̀. Táyà ìpamọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọkọ̀ kan ní, 60 psi ló ń gbà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í sì í rántí fẹ́ ẹ.

Àárọ̀ ni kí ẹ ti máa wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó wa ọkọ̀ jáde, tàbí lẹ́yìn tó bá ti dúró fún wákàtí 3. Bí ooru bá fi dígírì 5 tàbí 6 gòkè, afẹ́fẹ́ inú táyà ń fi nǹkan bíi psi 1 gòkè. Nígbà ọyẹ́, tí òwúrọ̀ lè wà ní dígírì 15 tí ọ̀sán sì lè dé 33, psi 3 yóò ti yàtọ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun ń jò. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ọ̀nà jíjìn dé tí géèjì fi 36 hàn, ẹ má dín in kù, nítorí bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ṣe mọ́, táyà náà kò ní pé mọ́.

Àgbà Awakọ̀ (Nyanya):
Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kọ́ ni mo rò pé Bàbá Ìbídùn nílò jù. Táyà tó ń rọ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún ní ibi tó ń gbà jò, pọ́ǹpù yóò kàn máa bá wa bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ dà á sí ẹnu fáàfù, sí ojú táyà níbi tó ń tẹ ilẹ̀, àti sí etí ibi tí rọ́bà ti pàdé ríìmù. Ibi tí ìfófòó bá ti ń yọ ni ó ń gbà jò. Ìṣó tó wà ní ojú táyà ṣeé dí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ló ti ya, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí i fún yín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ sì wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀: 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2016. Ó pọ̀ nínú táyà tókunbọ̀ tí wọ́n ń tà fún wa tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ohun tí ojú lè mọ̀.

Ohun kan tí pọ́ǹpù kékeré kò lè ṣe rèé: bí etí táyà bá ti yọ kúrò lára ríìmù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í yára tó láti tì í padà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fọkanáísà nìkan ló lè ṣe é, nítorí náà ẹ má bá ti àdúgbò yín jà pátápátá.

Bàbá Ìbídùn:
Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo da omi ọṣẹ sí i láàárọ̀ yìí, ẹnu fáàfù gan-an ló ń hó. Oníwáyà ni n ó sì rà. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni ojú rẹ̀ ń sọ kí n tó sanwó?

Ríwáyà Zuba:
Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ abẹ́rẹ́ inú fáàfù náà, owó kékeré ni. Bí ó bá ṣì ń hó, ẹ pààrọ̀ fáàfù fúnra rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ìdérí rẹ̀ wà lórí rẹ̀ kí eruku má baà wọ ibẹ̀. Ní ti pọ́ǹpù, ẹ ra géèjì kékeré kan lọ́tọ̀ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ lọ sí ọjà, kí ẹ ní kí wọ́n fẹ́ táyà kan lójú yín, kí ẹ wá fi géèjì tiyín wọ̀n ọ́n. Bí ìyàtọ̀ kò bá ju psi 1 tàbí 2 lọ, ó dára, nítorí afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń sá jáde nígbà tí a bá ń yí ẹnu ọ̀pá kúrò. Táyà ẹ̀yìn tó jìnnà sí ihò ìtanná sìgá jù ni kí ẹ fi dán an wò, nítorí àwọn kan wà tí wáyà wọn kò gùn débẹ̀.