Ta Ni Kò Ní Àwọ̀? Èsì sí Àbá "Ènìyàn Aláwọ̀"

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Mo ti ka gbogbo èsì tó wọlé lórí àbá ẹ̀gbọ́n wa, pé kí a máa lo "ènìyàn aláwọ̀" fún ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní "people of color", ìyẹn gbogbo ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Ọ̀pọ̀ yín ti kí wọn kú iṣẹ́, ẹnì kan tiẹ̀ ní òun ti ń lò ó nínú ìròyìn tí òun ń kọ. Èmi ò lè bá yín kí wọn lórí èyí, ẹ jọ̀wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò dára, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì bà á jẹ́: "oní-".

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Oní pẹ̀lú àwọ̀ ló di aláwọ̀, bí oní pẹ̀lú agbára ṣe di alágbára. Ẹni tó ní nǹkan ni àfòmọ́ yìí ń tọ́ka sí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì lè to ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà méjì kí ìtumọ̀ sì yàtọ̀. "Colored" ni wọ́n kọ sára ẹ̀rọ omi àti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà nígbà tí òfin ṣì ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. "People of color" ni èyí tí àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ gbà fúnra wọn. "Oní-" kò lè gbé ìyàtọ̀ yẹn. Ẹni tó bá ní "ènìyàn aláwọ̀" ti lọ ṣa èyí tí wọ́n jù nù, ó tún gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ tún wo Gúúsù Áfíríkà. Òfin 1950 tó fi àwọ̀ àti ìran pín àwọn ará ibẹ̀ ní ìsọ̀rí kan tó ń jẹ́ "Coloured". Wọ́n fagi lé òfin náà ní 1991, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá ní Western Cape, ṣì ń fi orúkọ yẹn pe ara wọn láìtijú. Kí la ó wá pe àwọn wọ̀nyẹn? Aláwọ̀ náà? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ìtàn wọn ò jọra, a fẹ́ fi ẹyọ kan kárí wọn.

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé àbá náà gbà pé funfun kì í ṣe àwọ̀. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa? Ẹ̀yin kan náà tí ẹ ń ti "ènìyàn aláwọ̀" lẹ́yìn ni ẹ ń kọ "aláwọ̀ funfun" nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Bí funfun bá ní aláwọ̀, ta ni kò ní àwọ̀? Lẹ́nu Yorùbá, funfun, dúdú àti pupa, àwọ̀ ni gbogbo wọn. A ń ki adúmáadán, a ń ki apọ́nbéporẹ́, kò sì sí èyí tó jẹ́ àwọ̀ tí èkejì kì í ṣe é. Òyìnbó pàápàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara nìkan. Àwọn ọmọ wa tó ti Sàró (Sierra Leone) bọ̀ pẹ̀lú ìwé kíkà àti aṣọ kóòtù, "òyìnbó dúdú" ni wọ́n pè wọ́n. Ìṣe ni wọ́n wò.

(Àmì ohùn náà ńkọ́? "Eniyan alawo" lásán ni wọ́n kọ ránṣẹ́. Ṣé aláwo ni, aláwọ tó ń fi awọ ẹran ṣiṣẹ́ ni, àbí aláwọ̀? Ẹni tó bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ àmì ohùn sí i.)

Ẹ wò ó wẹ́gbẹ́ "adúláwọ̀" tí a ti ní lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe wà nínú tirẹ̀: ẹni tí ó dú ní àwọ̀. Ó sọ irú àwọ̀ tó jẹ́, kò ṣe bí ẹni pé àwọn yòókù kò ní. Òun la fi ń pe Áfíríkà ní ilẹ̀ adúláwọ̀, kò sì tí ì ti ẹnikẹ́ni lójú.

Bàbá wa tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní gírámà wá sọ pé gbogbo èyí kò ju àṣà Amẹ́ríkà tó ń yí bí ọdún ṣe ń yí lọ, pé bí àwọn àgbà bá ti rí ènìyàn ni wọ́n ṣe ń pè é, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó fèsì, sà. Òótọ́ ni pé ó ń yí. Ẹgbẹ́ NAACP, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1909 ṣì ní "Colored" nínú orúkọ rẹ̀ dòní. W.E.B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, jà kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ "Negro", tí wọ́n fi ń pe àwọn Adúláwọ̀ nígbà náà, ìwé ìròyìn New York Times sì gbà ní 1930. Nígbà tó di 1966 tí Stokely Carmichael, ajìjàgbara ọ̀dọ́, ń pariwo "Black Power" (agbára fún Adúláwọ̀), "Negro" ti ń kan lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ní 1988 ni Jesse Jackson, aṣáájú Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n máa pe àwọn ní "African American". Síbẹ̀, "Negro" ṣì wà lórí fọ́ọ̀mù ìkànìyàn Amẹ́ríkà ní 2010, ó sì di 2016 kí Obama tó fọwọ́ sí òfin tó yọ ọ́ kúrò nínú òfin ìjọba àpapọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣà lásán ló ń yí i, sà. Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà ló ń jà láti sọ ara wọn lórúkọ. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Ẹnu Haúsá ni "Yorùbá" ti wá, Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì fi ń pè. Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Èkìtì kò pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Ní Sàró, "Akú" ni wọ́n ń pè wá nítorí ìkíni wa. Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè wa jáde ní orúkọ Yorùbá ní 1843. Koelle, àjíyìnrere ará Jámánì, ní kò tọ́ kí a fi orúkọ yẹn pe gbogbo wa, "Akú" ló sì lò nínú ìwé tirẹ̀ ní 1854. Kí ló jẹ́ kí "Yorùbá" borí? Àwa la gbà á. Orísun ọ̀rọ̀ kọ́ ló dá ẹjọ́ náà.

Ní ti àwọn àgbà, ìyá tó bí bàbá mi kò kàwé rárá, àmọ́ ẹ kò lè gbọ́ kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni ní kòbókòbó. "Ará ọ̀nà jíjìn" ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ọmọdé bá sì sọ èkejì, wọ́n á gbá a lẹ́nu. Àgbà tó ń ṣọ́ ẹnu ti wà kí Amẹ́ríkà tó kọ́ wa.

Ẹni tó ní "akátá" tí àwọn kan fi ń pe Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kò burú nítorí pé Yorùbá gidi ni, ẹ gbọ́: orúkọ ẹranko igbó ni. Ẹ kò lè fi pe ènìyàn kí ẹ wá ní gírámà ló gbà yín láyè. "Ọmọ ẹrú" tún burú jù ú lọ. Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láti sọ pé ẹnì kan ló sọ wọ́n di ẹrú, pé a kò bí wọn bẹ́ẹ̀. Àwa ti ní "àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú" láti ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn sì ń jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ẹnì kan ló kó wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀ tí a ò fi ní lò ó?

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé "Íbò". Òyìnbó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé gb kò sí lẹ́nu rẹ̀. Àwa tí gb kún ẹnu wa, tí à ń pe àgbàdo àti ìgbín, kí ló ń dí wa lọ́wọ́ láti kọ Ìgbò? Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bá mi jà lórí èyí. Kí wọ́n máa bọ̀.

Kí ni mo wá ń dábàá? Bí ẹ bá mọ ẹni tí ẹ ń sọ, ẹ dárúkọ rẹ̀: Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ Íńdíà, ọmọ Ṣáínà. Bí ó bá di dandan kí ẹ kó wọn pọ̀, ẹ kọ "àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun". Ó gùn, ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. "Aláwọ̀ mèremère" tí ẹnì kan mú wá, aṣọ àti ẹyẹ la fi ń yìn, ẹ fi sílẹ̀. Mo sì fẹ́ kí a máa fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ Adúláwọ̀ nígbà tó bá dúró fún àwọn ènìyàn, bí iléeṣẹ́ ìròyìn AP ti Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sí "Black" ní 2020.

"Ẹ̀yà kékeré" tí wọ́n fi ń túmọ̀ "minority" ló kù. Mi ò fẹ́ "kékeré" yẹn rárá. Iye wọn ni kò pọ̀, àwọn fúnra wọn kò kéré. "Ẹ̀yà tí kò pọ̀ níye" ni èmi ń kọ. Bàbá wa ní kékeré tó, pé mo ń wá ìjà sí ọ̀rọ̀ tí kò ṣẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi "kékeré" pè rí níbi tí ẹ ń gbé lókè òkun, ẹ bá wa sọ bó ṣe rí létí yín.