Èsì sí ọ̀rọ̀ "agbóhùn": píkọ́ọ̀pù gìtá kì í gbé ohùn

Ẹ̀yin ará wa, mo kí gbogbo yín láti Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n wa kan fi àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun ránṣẹ́ síbí, ọ̀rọ̀ fún àwọn ohun tó wà nínú gìtá béèsì tó ń lo iná. Wọ́n pe píkọ́ọ̀pù, òòfà tí a wé wáyà mọ́ lábẹ́ okùn gìtá, ní agbóhùn. Wọ́n pe kàpásítọ̀ ní akóná, wáyà ẹ́ẹ̀tì ní okùn-ilẹ̀. Béèsì tó ń lo bátìrì di gìtá ààyè, èyí tí kò lò ó di gìtá òkú. Ẹni méjì-mẹ́ta ti pàtẹ́wọ́ fún wọn. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, ojoojúmọ́ ni mò ń tú ìdí gìtá, ó sì dùn mí pé orúkọ tí a fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa kò bá iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe mu rárá.

Àmì ohùn ni kí a kọ́kọ́ bá wí. Nínú àkójọ ẹ̀gbọ́n, "agbohun" ni wọ́n tẹ̀, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ìgbà tí ẹnìkan béèrè ni wọ́n tó sọ pé gbé làwọn ní lọ́kàn, a-gbé-ohùn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló fara pamọ́ síbẹ̀. Gba ohùn ni gbohùn, ohùn àárín ló wà lórí rẹ̀, òun la gbọ́ nínú agbohùnsílẹ̀ àti nínú gbohùngbohùn. Gbé ohùn ni gbóhùn, ohùn òkè, òun ló wà nínú agbóhùnsáfẹ́fẹ́, torí pé wọ́n ń gbé ohùn lọ sínú afẹ́fẹ́ lóòótọ́. Gbọ́ ohùn sì ni gbọ́hùn. Ẹni tó bá ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìfi àmì sí i, kò tíì dá ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, ó kàn to lẹ́tà ni.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni píkọ́ọ̀pù ń ṣe? Kò ṣe ìkankan. Mo sì mọ ibi tí gbé ti wọlé: orúkọ tí àwọn Òyìnbó sọ ọ́, pick-up, ni wọ́n fọ́ sí méjì, wọ́n wá ń wá Yorùbá fún ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó tú nǹkan náà wò.

Ẹ jẹ́ n tú u fún yín. Irin òòfà ni, tí wọ́n fi wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí wé yí ká lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Okùn gìtá tó wà lókè rẹ̀, irin ni. Tí ọwọ́ bá ta okùn náà, á gbọ̀n lójú òòfà, gbígbọ̀n yẹn á da agbára òòfà ibẹ̀ rú, iná kékeré á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú bàbà. Michael Faraday ló fi irú rẹ̀ hàn ní 1831, pé tí òòfà bá ń yí padà nítòsí wáyà, iná yóò dìde nínú wáyà náà. Okùn tó nípọn jù lórí béèsì olókùn mẹ́rin, èyí tí a ń pè ní E, ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná tó ń jáde ń lọ, ó ń bọ̀, iye ìgbà kan náà. Ohùn ò tíì sí nínú iná yìí. Ẹnu sípíkà ni iná ti ń padà di ohùn. Ẹ so okùn ọ̀rá mọ́ gìtá kan náà, kí ẹ ta á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú: etí yín á gbọ́ ohùn okùn náà, àmọ́ píkọ́ọ̀pù ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣé ohun tó ń gbé ohùn nìyẹn?

Ohun tó ń gba ohùn lóòótọ́ ni maikirofóònù. Bí a bá ti fi orúkọ yẹn fún píkọ́ọ̀pù, kí la ó wá pe maikirofóònù? Ọmọ tó bá sì kọ́ ọ ní agbóhùn á máa sọ̀rọ̀ sí i láti dán an wò. Bẹ́ẹ̀ kọ́ la ṣe ń dán an wò. A ó tan áńpù, a ó fi ẹnu síkúrúdiráfà kan orí òòfà rẹ̀ jẹ́jẹ́, á sì dún "kó" nínú sípíkà. Tí kò bá dún, a ó yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára fólúùmù, a ó fi mítà wọ̀n ọ́n. Píkọ́ọ̀pù irú béèsì tí wọ́n ń pè ní Jazz Bass sábà máa ń fi nǹkan bí 7 sí 8 kilo-ohm hàn, ìyẹn ìwọ̀n bí wáyà rẹ̀ ṣe ń dènà iná. Tí mítà kò bá kà rárá, bàbà ti já nínú, àfi ká tún un wé.

Ọ̀rọ̀ tí èmi mú wá ni asọ̀gbọ̀ndiná. Ó ń sọ ìgbọ̀n di iná. Sọ ìgbọ̀n di sọ̀gbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí kọ ìwé ṣe di kọ̀wé, ohùn ìsàlẹ̀ ara ì ló bọ́ sórí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ohùn ìsàlẹ̀ yẹn. Tí ẹ bá kọ ọ́ ní asọgbọ̀ndiná, ọgbọ̀n lẹ sọ di iná, a ó sì máa wá ohun tí ọgbọ̀n ń wá nínú gìtá.

Ẹnìkan á ní ó ti gùn jù. Ẹ ka sílébù rẹ̀: márùn-ún ni. Asọ̀rọ̀mágbèsì jẹ́ mẹ́fà, àwọn àgbà wa sì pè é láìsinmi. Ní 1939 ni Rediffusion dé Ìbàdàn, àpótí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀, wọ́n rí i pé bó o bá dá a lóhùn kò ní gba èsì lẹ́nu rẹ. Ìṣe rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ níbí ní oṣù kẹwàá 1959, ìṣe náà la tún wò tí a fi ní amóhùnmáwòrán. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Orúkọ tó bá ti ara iṣẹ́ nǹkan wá á dúró.

Ẹlòmíràn á ní iná ni èyí tó ń jóni. Nígbà tí gbogbo àdúgbò bá pariwo pé wọ́n ti mú iná dé, ta ló ń sá lọ bu omi?

Ọ̀rọ̀ gìtá òkú ló bí mi nínú jù. Béèsì tí kò lo bátìrì kò kú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bí iná tó ń lò, láti ara okùn àti òòfà, kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Precision Bass, béèsì tí Leo Fender tó ń ṣe gìtá gbé jáde ní 1951, kò ní bátìrì, títí dòní wọ́n ṣì ń ṣe é, wọ́n ṣì ń ta á. Ṣé òkú lẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbé wọ ilé ìjọsìn, lọ́jọ́ Àìkú pàápàá? Oníbátìrì àti aláìníbátìrì, ó tán. Bí àwọn olórin ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn: "tèmi ń lo bátìrì." Èyí tí wọ́n sì pè ní ààyè yẹn gan-an ló ń tètè dákẹ́. Bátìrì 9-volt ló wà nínú rẹ̀, wáyà áńpù tí a kì bọ jáàkì, ihò tó wà lára béèsì, ló ń tan iná rẹ̀. Ẹni tó bá lo béèsì tán tí kò fa wáyà yọ, bátìrì á máa ṣiṣẹ́ lọ títí á fi kú. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń gbé wá fún mi pé "ó ti bàjẹ́", kò ní àìsàn mìíràn.

Okùn-ilẹ̀ ńkọ́? Wáyà yẹn ò lọ sílẹ̀. Láti abẹ́ bíríìjì, irin tí ìdí okùn gìtá jókòó lé, ló ti wá, ó gba ẹ̀yìn fólúùmù kọjá, ó parí sí ara jáàkì. Iná tó jáde ní píkọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà padà nìyí. Yorùbá ti ní àlọ àti àbọ̀ tipẹ́, kí ló dé tí a fi ń wálẹ̀ kiri? Wáyà àlọ, wáyà àbọ̀. Tí béèsì bá ń kùn, tí ìkùn náà bá rọlẹ̀ nígbà tí ẹ fọwọ́ kan okùn, àbọ̀ rẹ̀ pé, ariwo iná ilé ló ń wọ ihò inú igi níbi tí kò sí ààbò. Tí fífọwọ́ kàn án kò bá yí nǹkan kan padà, wáyà abẹ́ bíríìjì ti já tàbí lẹ́ẹ̀dì tí a fi jó o mọ́ ibẹ̀ kò ràn.

Akóná, mi ò ní í jà púpọ̀. Nínú áńpù, kàpásítọ̀ ń kó iná pa mọ́ lóòótọ́. Nínú béèsì, èyí tó wà lẹ́nu tóònù, asẹ́ ni: tí ẹ bá yí tóònù wálẹ̀, á jẹ́ kí iná ohùn tó mú ṣáṣá gba ojú rẹ̀ bọ́ sí wáyà àbọ̀, èyí tó nípọn á ṣẹ́kù. Orúkọ kan ò lè jẹ́ fún iṣẹ́ méjèèjì. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ kàpásítọ̀.

Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Òkè-Àdó kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn. Fólúùmù tí ìdọ̀tí ti wọ inú rẹ̀, tó ń ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí a bá ń yí i, wọ́n á ní "ó ń họra". Béèsì tó ń dún tó tún ń dákẹ́ torí pé nọ́ọ̀tì jáàkì tú, "ó ń ṣẹ́jú". Lẹ́ẹ̀dì tí a jó tí kò dán, tó ṣú bí eérú, "kò ràn". Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún ọmọṣẹ́ ibi tó yẹ kó wò. Àwọn ló yẹ kí a kọ́kọ́ kó jọ, kí wọ́n tó bá àwọn bàbá wa lọ. Lójú mi, họra nìkan wúlò ju àkójọ ọ̀sẹ̀ tó kọjá lódindi.

Ẹni tó ní kí a máa pe béèsì ní "ìyá gìtá" torí pé ìyáàlù wà nínú ìlù dùndún, mo rí ọ̀rọ̀ yín. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń darí. Nínú orin jùjú, béèsì kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń dì í mú nísàlẹ̀ ni. Mo gbà pé gúdúgúdú sún mọ́ ọn jù, ẹ̀yin onílù ẹ dá sí i. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ sì ní gbọ̀n kọ́ ni ó yẹ kí n lò, pé mì ló yẹ, a ó sọ ọ́ nígbà mìíràn. Okùn gìtá kì í mì bí igi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ nínú èsì yín àná pé oníṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe onímọ̀ èdè, pé kí n jẹ́ kí àwọn tó kàwé sọ̀rọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí yín àti ìwé tí ẹ kà. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ ohùn tí píkọ́ọ̀pù ń gbé, ẹ ò sì tíì sọ ibi tó ń gbé e lọ. Ẹ dákun, ẹ dáhùn ìyẹn, kí ẹ sì fi àmì sórí ìdáhùn náà.