Ilé ìyàwó mi táwọn ayálégbé ń gbé ní Òkè-Odò, orúkọ ta ni ká fi ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀?

Bàbá Àmínà: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará Ìlọrin. Ìyàwó mi ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òkè-Odò, Tanke, bàbá ẹ̀ ló fún un kí n tó fẹ́ ẹ, orúkọ ẹ̀ ló wà lórí gbogbo pépà. Sitúdẹ́ńtì Unilorin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi ni mò ń gba owó ilé, èmi ni mò ń pe púlọ́ńbà àti kápẹ́ńtà, torí Omù-Àrán lòun ti ń ṣiṣẹ́, ìparí ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Ìjì tó jà níjọ́sí ká páànù ilé tó tẹ̀ lé wa, ó sì ṣe ọmọ kan léṣe, àtìgbà yẹn lọkàn mi ò ti balẹ̀ torí kànga wà ní kọ́ńpáǹdì wa, irin bákónì òkè náà sì ti ń mì. Tọ́mọ ọlọ́mọ bá já bọ́, ta ni wọ́n máa mú, èmi àbí ìyàwó mi? Ṣé mo lè fi orúkọ tèmi ra ìnṣọ́ránsì?

Ọmọ Ọ̀fà: Bàbá Àmínà, orúkọ ìyàwó yín ni kẹ́ ẹ fi rà á o. Tó bá jẹ́ orúkọ yín nìkan ló wà níbẹ̀ tí iná wá jólé, ohun tí wọ́n máa bi yín ni pé kí lẹ̀yin pàdánù níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ yín kún un pé ẹ̀yin lẹ̀ ń bójú tólé, torí ẹni tó bá ṣèṣe lè pe ẹ̀yin méjèèjì lẹ́jọ́. Ẹ tún gbọ́ o, dandan ni. Section 65 nínú òfin ìnṣọ́ránsì 2003 ka ilé táyálégbé ń gbé mọ́ public building, ìyẹn ilé tó gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì, òfin tuntun 2025 tó rọ́pò ẹ̀ náà ò yọ ọ́ kúrò, kì í sì í ṣe ti iná, ìjì, àgbàrá àti ilé tó wó nìkan, ó kan ẹni tó bá ṣèṣe tàbí tó kú nínú ilé náà. Ti iná nìkan lọ̀pọ̀ ń rà tí wọ́n á ní àwọn ti ra ìnṣọ́ránsì. Ẹ bèrè liability, ìyẹn èyí tó ń sanwó fún ẹni tó bá ṣèṣe tẹ́jọ́ ẹ̀ bá já lé onílé lórí, kẹ́ ẹ sì fojú ara yín rí i nínú ìwé, ẹ má gba ti ẹnu ẹ́jẹ́ńtì.

Bàbá Àmínà: Ẹ ṣeun gan-an. Laptop àti ẹrù àwọn ọmọ náà ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀fà: Rárá, ìyẹn ò sí nínú ti onílé, àwọn fúnra wọn ló máa ra tiwọn. Ẹ kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì kó má baà dìjà.

Alhaja Ìpàta: Bàbá Àmínà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ rà á láìjẹ́ kí ìyàwó yín mọ̀. Ohun ìní obìnrin, tiẹ̀ ni nínú ẹ̀sìn wa, ọkọ ò ní in. Tọ́kàn ẹ̀ ò bá gba ìnṣọ́ránsì nítorí èlé, takaful wà, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì, ló ń fún wọn láṣẹ, owó tí gbogbo wọn jọ dá ni wọ́n fi ń ran ẹni tí nǹkan ṣe lọ́wọ́.

Onílé Gáà Àkàńbí: Ẹ má fi iye tí wọ́n fi kọ́ ọ láyé ọjọ́sí díye lé e o, ibẹ̀ ló ti ń dun àwa onílé jù. Ká ní 40 mílíọ̀nù ló máa gbà láti tún un kọ́ lónìí, ẹ wá kọ 20 mílíọ̀nù kówó tẹ́ ẹ máa san lè kéré, tí ìjì bá ba nǹkan 4 mílíọ̀nù jẹ́, 2 mílíọ̀nù ni wọ́n máa fún yín, torí ìdajì iye ilé lẹ ra ìnṣọ́ránsì fún. Kò sì sí àwìn níbẹ̀, láti 2013 ni wọ́n ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ò tíì sanwó ò tíì ní ìnṣọ́ránsì, torí náà ẹ tọ́jú risíìtì. Ẹ sọ fún wọn pé sitúdẹ́ńtì ló ń gbébẹ̀, ẹ má pè é nílé ẹbí o, wọ́n lè torí ẹ̀ má sanwó. Àmọ́ irin bákónì yẹn ni kó ṣáájú. Ẹ pe wẹ́dà lọ́la, kẹ́ ẹ ṣe ìdérí onírin sí kànga yẹn kó ní àgádágodo, torí kò sówó tí wọ́n lè kà fún òbí tọ́mọ ẹ̀ kú sí kànga.

Bàbá Àmínà: Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ti pe wẹ́dà. Ìyàwó mi ní kí n dúró di Sátidé ká jọ lọ bá brókà tó máa bá wa wá ìnṣọ́ránsì, ẹni tó bá mọ èyí tó ṣeé fọkàn tán ní Taiwo tàbí Challenge, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.